Òkúta Tó Ń Fa Eérú

Òkúta dúdú kan wà lórí tábìlì mi tí mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ wá láti ìhà ọ̀sà. Àwọn ọmọ tó ń wá kí mi sábà máa ń bèèrè bóyá èédú ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wò dáadáa kí wọ́n tó fún un lórúkọ. Àwọn àgbàlagbà kì í pè é ní èédú. Tìróò ni wọ́n máa ń pè é. Mo máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dé inú, nítorí pé irú àṣìṣe yẹn gan-an ló wọ ilé wa ní Akron, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ibodè, nígbà ogun Nàìjíríà, tó sì kù díẹ̀ kí ó wọ ojú àbúrò mi.

Èmi ni àkọ́bí ìyá mi, àbúrò mi obìnrin ló sì tẹ̀ lé mi. Èmi dúdú, òun pupa. Àwọn tí kò mọ̀ wá máa ń rò pé aládùúgbò ni wá. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé ìjọba kan ní Àjàṣẹ́, ilé ìyá mi ni mo ṣì ń gbé, n kò sì tíì lọ́kọ. Àbúrò mi, tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, ti rí ọkọ ní tirẹ̀: ọkùnrin onísùúrù kan, ọmọ ilé àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí bíi tiwa. Ojú àbúrò mi tóbi, ó sì mọ́ gaara. Bí ìyá wa bá ń bá a wí, yóò kàn gbójú sókè, ìyá wa á sì gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ fi ojú yìí sọ́kàn, nítorí òun ni mo ṣe ń kọ ìtàn yìí.

Ní ilé wa àti ní ilé bíi mélòó kan ní àdúgbò, kì í ṣe tìróò tí a rà lọ́jà ni a ń lé sí ojú ìyàwó. Ilé ọkọ ló máa ń gbé òkúta rẹ̀ wá lódindi, nínú aṣọ funfun. Ilé ìyàwó ló máa ń lọ̀ ọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹbí méjèèjì ti jọ ṣe iṣẹ́ kan kí ọmọ tó jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, obìnrin àgbà kan láti ilé ọkọ á wá jókòó, á sì fojú ara rẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe ń lé e. Ẹni tó lọ̀ ọ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sí ojú ara rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè rí i pé kò sí ohun búburú nínú rẹ̀. Òfin kan tún wà tó le ju ìyókù lọ: òkúta tí ìyàwó bá ti gbà, a kì í dá a padà. Ẹni tó bá dá òkúta padà ti dá ọkọ padà.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló ń lọ tìróò nílé wa, àwọn ilé mìíràn sì máa ń wá bẹ̀ ẹ́. Ojú ti ń ṣú u ní ìgbà náà. Ó máa ń mọ ènìyàn nípa ohùn, ó sì máa ń mọ tìróò tó kúnná nípa fífi àtàǹpàkò rẹ̀ pa á mọ́ ìka ìfábẹ̀lá. Kò sí ẹni tó jẹ́ sọ fún un pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù tó fi ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tó wúlò.

Kí ogun tó dé, àwọn oníṣòwò tó ń gba ibodè Kraké kọjá ló ń gbé òkúta tìróò wá fún wa. Inú ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti ń wà á. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, òkúta náà dàwátì. Àwọn tó wá a lọ ń fi ìtàn àwọn sójà àti ọwọ́ òfìfo padà wálé. A máa ń rò pé ogun àwọn ará ibòmíràn kò kan ojú ìyàwó ní Akron, ṣùgbọ́n ó kàn án.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ àbúrò mi ń wa kamiọ̀n akẹ́rù lọ sí ìhà òkè, sí apá Djougou àti Natitingou. Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láti fi ṣe ọ̀nà, ó rí òkúta dúdú kan tó ń dán láàárín òkúta funfun. Ó mọ̀ pé àwọn ará ilé òun ti wá tìróò títí. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún un, ó sì gbé e wálé bí ẹni gbé ẹyin. Ó yẹ kí n sọ èyí kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ: ọkàn rere ló fi ṣe é. Kò sí ẹlẹ́tàn kankan nínú ohun tí mò ń sọ.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá, tí wọ́n tú aṣọ funfun náà, gbogbo ilé ló ń dúpẹ́. Òkúta náà gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó dúdú bí omi inú kànga, ìlà tín-ín-rín sì gba gbogbo ara rẹ̀ kọjá láti òkè délẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi òòyà yà á. Òkúta funfun díẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Mo ti rí òkúta tìróò lọ́wọ́ Ìyá àgbà láti kékeré, n kò sì rí èyí tó ní ìlà bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn àna jókòó, ìyá mi ti na ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì ti ṣe tán.

Ìyá àgbà kì í lọ òkúta ní tútù. Ó ní láti kọ́kọ́ sun ún nínú eérú gbígbóná kí ọ̀rinrin ara rẹ̀ jáde. Ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó ló ṣe èyí, ní àárọ̀, ní àgbàlá. Ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo nǹkan gbẹ táútáú. Ó fi ẹ̀mú yọ òkúta náà kúrò nínú eérú, ó gbé e sórí àwo kan kí ó lè tutù. Bí ó ṣe ń tutù ni eérú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń fò díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọn, pàápàá ní orí rẹ̀ méjèèjì, títí tí orí òkúta náà fi funfun bí irùngbọ̀n àgbàlagbà.

Àwọn obìnrin tó ń ṣa ìrẹsì pa iṣẹ́ tì, wọ́n sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan lára wọn sọ pé òòfà ni, pé òkúta tó bá lè fa eérú láìsí ẹni tó tì í, kí ni kò ní fà? Ojú ọkọ kò ní kúrò lára ìyàwó yìí títí ayé. Inú Ìyá àgbà dùn gan-an nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún un, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò rí i dáadáa. Obìnrin náà yíjú sí mi; Mètírẹ́ẹ̀sì, olùkọ́ obìnrin ní èdè Faransé, ni wọ́n ń pè mí.

"Ìyá àgbà, ẹ bá wa bù díẹ̀ pamọ́ fún Mètírẹ́ẹ̀sì wa yìí. Bóyá òun náà á rí ọkọ fà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé bí ènìyàn kò bá rẹ́rìn-ín sí irú ọ̀rọ̀ yẹn, òmíràn ni yóò tẹ̀ lé e.

Mo pe ìyá mi sí kọ̀rọ̀, mo sì sọ fún un pé n kò rò pé tìróò ni òkúta náà. Ó bi mí léèrè pé kí ni mo pè é nígbà náà. Mo ní mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná. Ó ní, ṣé lónìí ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ti pe gbogbo ìlú? Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, gbogbo ẹnu ni mo lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti inú rẹ̀, àfi ẹnu rẹ. Àbúrò rẹ ṣáájú rẹ lọ sílé ọkọ. Bí ìwọ bá sọ pé òkúta wọn kò dára, kí ni wọn yóò sọ pé ó wà nínú rẹ?"

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ. Ìlara ni wọn yóò pè é. Mo wo inú ara mi wò dáadáa, bí mo ṣe máa ń wo ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ẹ̀ẹ̀mejì, n kò sì rí ìlara níbẹ̀. Ẹ̀rù ni mo rí.

Àpótí kan wà ní ilé ìwé wa tí olùkọ́ Faransé kan fi sílẹ̀ nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Àwọn òkúta kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ihò tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lábẹ́. Nígbà ìsinmi, mo máa ń gbé e wálé nítorí ikán. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo ṣí àpótí náà sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé, mo sì lọ bẹ̀bẹ̀ fún èérún kan tó ti já lára òkúta ìyàwó nígbà tí Ìyá àgbà fi òòlù fọ́ ọ.

Mo kọ́kọ́ mú òkúta òjé, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní gàlẹ́ẹ̀nì, òun gan-an sì ni tìróò tiwa. Èyí tó wà nínú àpótí kò ju hóró àgbàdo kan lọ, síbẹ̀ ó wúwo lọ́wọ́ bí ẹni pé ó ń wá ilẹ̀. Ó máa ń fọ́ ní onígun mẹ́rin bíi hóró súgà inú páálí. Bí a bá fi ha ẹ̀yìn àwo tí kò dán, ìlà rẹ̀ á dúdú. Mo fi èérún ti ìyàwó ha á: kò fi ìlà dúdú kankan sílẹ̀. Àwo náà ló ha, ìyẹ̀fun funfun sì bọ́ sílẹ̀. Ibi tí ó ti fọ́ ń dán bí ìgò tó fọ́, ó sì mú.

Nígbà náà ni mo wá a kiri inú àpótí. Òkúta dúdú kan tún wà níbẹ̀ tó fẹ́ jọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń là ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bíi igi, ara rẹ̀ sì ní igun mẹ́fà. Ti ìyàwó kò là bẹ́ẹ̀. Mo wo orí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti kán an: igun mẹ́ta ni, tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wú síta. Mo wá rí irú rẹ̀ ní ihò kan ní igun àpótí, ó dúdú, ó ní ìlà, ó ní igun mẹ́ta tó wú. Túrúmalíìnì dúdú ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ìyá rẹ̀ wà, tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tuntun. Olùkọ́ Faransé náà ti sọ fún mi rí pé òmíràn máa ń pupa, òmíràn máa ń dà bí omi òkun, pé irin tó pọ̀ nínú ara èyí dúdú ló sọ ọ́ di dúdú, pé kì í ṣe àwọ̀ ni a fi ń mọ ẹbí òkúta, ara rẹ̀ ni. Òun náà ló sọ fún mi pé bí a bá mú un gbóná, ó máa ń fa eérú. Mo ti gbàgbé gbólóhùn yẹn pátápátá títí di àárọ̀ ọjọ́ náà.

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi. Kì í ṣe ẹbí tìróò rárá. Ó le ju ìgò lọ. Bó ti wù kí a lọ̀ ọ́ kúnná tó, ìgò ni a ó máa pín sí wẹ́wẹ́, àwọn ẹnu rẹ̀ á sì mú síbẹ̀. Èyí ni wọ́n fẹ́ lé sí ojú àbúrò mi.

Mo lọ bá Ìyá àgbà níbi ọlọ. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Tìróò kì í pariwo lórí ọlọ. Èyí ń ké.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀."

"Bí mo bá dúró, ta ni yóò lọ̀ ọ́? Òkúta yìí le bí ọ̀rọ̀ àna. Ó ti fẹ́ jẹ ọmọ ọlọ mi tán."

Ìyẹ̀fun tó wà níwájú rẹ̀ rí bí eérú. Ó ní àwọn obìnrin ti sọ fún òun pé kò dúdú tó, òun sì ti da dúdú èéfín àtùpà pọ̀ mọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Lóòótọ́, èyí tó wà nínú ilé tìróò ti dúdú kirikiri. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i kò ní ṣe iyèméjì.

N kò bá a jiyàn. Mo mú gàlẹ́ẹ̀nì kékeré náà, mo sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbé e sókè sódò. Ó fi àtàǹpàkò tẹ igun rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà, bí ẹni tó gbọ́ ohùn ẹni tó ti rìnrìn àjò pẹ́.

"Ibo ni ìwọ ti ń bọ̀?" Òkúta náà ló ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ṣé ó tó lọ̀?"

"Ti ilé ìwé ni, Ìyá àgbà. Òun nìkan náà ló wà."

"Nígbà náà, kò tó."

Mo wá ṣàlàyé fún un. Mo gbé èérún ti ìyàwó sí ọwọ́ rẹ̀ kejì kí ó lè rí i bó ṣe fúyẹ́ sí. Mo jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ibi tó mú. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní òun ti ń gbọ́ igbe òkúta náà láti ọ̀sán, òun sì ń sọ fún ara òun pé etí àgbà ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá ìyá mi sọ̀rọ̀, kí wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ọkọ. Ó mi orí. Ó ní wọn yóò sọ pé a dá òkúta padà. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún òun.

Ó sì tún gbé ọmọ ọlọ. N kò mọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Bí ó ṣe ń lọ̀ ọ́ títí oòrùn fi wọ̀, mò ń gbọ́ igbe òkúta náà láti yàrá mi, mo sì ń ronú pé bóyá ó ti pinnu pé iyì ilé tóbi ju ojú ọmọ kan lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilé kún. Ìyá ọkọ àbúrò mi ti kú tipẹ́, nítorí náà ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, obìnrin sísanra kan tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ló wá jókòó láti wo tìróò. Gbogbo wa ń pè é ní Ìyá. Àbúrò mi jókòó lórí ẹní, a ti fi aṣọ funfun bò ó dé èjìká, ó sì gbé dígí kan lé orí itan, ẹ̀bùn láti ilé ọkọ, inú èyí tí ó ti máa kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá lé tìróò fún un tán. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ti di òkúta aláwọ̀ ewé láti inú àpótí àti èérún ti ìyàwó mọ́ etí ìró mi.

Ìyá náà rí mi, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mètírẹ́ẹ̀sì, ìgbà wo ni a óò wá jókòó báyìí nítorí tìẹ? Àbí ìwé ni ọkọ rẹ?"

Mo ní kí wọ́n máa bá mi ṣe àdúrà.

Ìyá mi ṣí ilé tìróò, ó gbé e fún Ìyá àgbà. Ìyá àgbà fọwọ́ wá igi tìróò, ó tì í bọ inú rẹ̀, ó yọ ọ́ jáde ní dúdú. Ẹni tó lọ̀ ọ́ ló ń kọ́kọ́ fi sí ojú. Gbogbo yàrá ń wò ó. Ó gbé ojú sókè, ó sì fi ìka fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, mo sì wá mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ san án. Ojú yóò ta á, omi yóò máa dà, yóò sì sọ pé òun ni kò mọ̀ ọ́n lọ̀ mọ́, ẹ̀bi náà á di ti arúgbó tí kò ríran, kò ní jẹ́ ti ilé ọkọ.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

A kì í di àgbà lọ́wọ́ mú nílé wa, ká má tilẹ̀ sọ níwájú àna. Ìyá mi ní kí n fi ìyá òun sílẹ̀. Kò pariwo, ìyẹn ló sì burú jù. Ìyá láti ilé ọkọ bi mí bóyá bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé nìyẹn. N kò fi í sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín nínú ọwọ́ mi, mo sì ń gbọ́ bí iṣan rẹ̀ ṣe ń sọ.

Àbúrò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ní àkókò yẹn, gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ láti ẹnu yín. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ohun tó dà bí ìgò tí a lọ̀ ni. Yóò ha ojú rẹ."

"Ṣé ilé wa ló gbé ìgò wá fún ìyàwó?" Ìyá náà ti fẹ́ dìde. Àwọn obìnrin tó bá a wá ti ń kó ìró wọn jọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó kàn ni yóò bà á jẹ́ tàbí tún un ṣe. N kò sì fẹ́ parọ́ dídùn. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo sọ fún un pé òkúta tí ọmọ wọn gbé wá kì í ṣe ìgò, kì í sì í ṣe òkúta lásán. Ẹbí òkúta ọ̀ṣọ́ ni, irú èyí tí àwọn olówó ń gbé sí ọrùn àti sí òrùka. Mo tún fi kún un pé dúdú inú ẹbí náà kì í níye lórí bíi pupa tàbí aláwọ̀ ewé, kí wọ́n má bàa sọ pé mo tàn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ni. Ọrùn ni àyè rẹ̀ wà. Ojú kọ́.

Mo tú etí ìró mi. Mo fi òkúta aláwọ̀ ewé náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sì fi èérún ti ìyàwó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó yí wọn. Ó fi èékánná tọ ìlà ara èkíní, ó tọ ìlà ara èkejì. Ó ka igun wọn.

"Ara wọn jọra," ló sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n àwọ̀ wọn kò jọra."

"Ìyá, ẹ wo èmi àti àbúrò mi."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì tètè pa á mọ́ra. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ó ní gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ pé òkúta náà fa eérú, ohun rere sì nìyẹn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí àbúrò òun ṣáájú òun," ló wí, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ parí rẹ̀.

Ìmọ̀ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì tó.

Àbúrò mi ló na ọwọ́. Ó gba ilé tìróò lọ́wọ́ Ìyá àgbà, ó da díẹ̀ sórí dígí tó wà lórí itan rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í pa á kiri, rọra, bí ẹni ń pa òróró sí ara ọmọ. A gbọ́ ìró rẹ̀, ohùn tín-ín-rín kan tó mú eyín ro mí. Ó fi etí aṣọ funfun rẹ̀ nù ún mọ́. Ó gbé dígí náà sókè, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá náà.

"Ìyá, ẹ wo ojú mi níbẹ̀."

Ìyá náà tẹ orí sún mọ́ ọn kí ó lè rí ohun tí àbúrò mi rí. Èmi náà rí i láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí. Ní ibi tí ojú ìyàwó wà nínú dígí náà, ìlà wẹ́wẹ́ ti dí i, bí ojú fèrèsé tí ọyẹ́ ti da eruku bò. Ó fi ìka rẹ̀ nù ún. Kò kúrò. Ó tún nù ún. Lẹ́yìn náà ló yí dígí náà dojú délẹ̀ sórí ẹní, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ọmọ wa kò mọ̀," ló sọ.

"Kò mọ̀," Ìyá àgbà dá a lóhùn. "Ọkàn rere ló fi gbé e wá, ọkàn rere ni a fi gbà á. Òkúta náà kò ní jáde nílé yìí. Ìyàwó ni yóò jáde."

Ó wá fọwọ́ wá abẹ́ ẹní rẹ̀, ó sì yọ ìkarahun ìgbín kan jáde. Dúdú èéfín àtùpà ló wà nínú rẹ̀, èyí tó mọ́, tí kò da òkúta pọ̀ mọ́, tó ti fi òrí pò. Ó ti ṣe é sílẹ̀ láti àná. Ó nu igi tìróò mọ́ tónítóní, ó fi dúdú náà sí ojú ara rẹ̀, ọ̀tún àti òsì, ó ṣẹ́jú, kò sí ohun tó ta á. Ìyá láti ilé ọkọ gba igi tìróò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sí ojú tirẹ̀ náà, ohun tí kò sí nínú àṣà rárá, ó sì dúró ná. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé e fún àbúrò mi.

Dúdú èéfín kì í dúró bíi tìróò. Nígbà tí a fi máa sìn ín dé ilé ọkọ nínú oòrùn, òrí ti yọ́, dúdú sì ti ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sí ojú lẹ́ẹ̀kan, mo sì sáré sún mọ́ ọn. Ó rí mi. Ó rọra mi orí pé kò sí nǹkan, òógùn ni. Àwọn obìnrin ilé ọkọ ń yìn ín pé ọmọ tó mọ iyì ilé bàbá rẹ̀ ni, ẹ wo bó ṣe ń sunkún.

Ìyá náà kò bẹ̀ mí, èmi náà kò sì retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń dágbére, ó kó èyí tó ṣẹ́ kù lára òkúta náà, èyí tí Ìyá àgbà kò tíì lọ̀, ó fi í lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé e sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ nínú àpótí. Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi bu oúnjẹ mi kí ó tó bu ti ẹnikẹ́ni.

Mo gbọ́dọ̀ tún ohun kan ṣe kí ẹni tó ń ka èyí má bàa ṣì mí gbọ́. Tìróò gidi náà kì í ṣe ohun àìléwu. Òjé wà nínú rẹ̀, àwọn dókítà sì ti kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi sí ojú ọmọdé. A kò mọ èyí nígbà náà. Àbúrò mi gbọ́ ọ lẹ́nu mi nígbà tí a ti dàgbà, ó sì ní, ìyẹn ni pé ìgbéyàwó òun nìkan ni òun ti lé ohun tó dára sójú, gbogbo ìyókù ayé òun, òjé ni.

Ó ṣì máa ń wá sọ́dọ̀ mi nígbà ọyẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. A máa ń ti òkúta náà bọ inú eérú gbígbóná, a ó yọ ọ́ sórí àwo, a ó sì dúró. Nígbà tí eérú bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò, àwọn ọmọ á pariwo pé òòfà ni. Mo máa ń ya ẹnu láti sọ fún wọn pé kì í ṣe òòfà, pé irin ni òòfà ń fà. Àbúrò mi á fi ọwọ́ kàn mí ní orúnkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó ná."